Ẹni tí Ayọ̀rìndé Bá Fura Sí

“Kò sí òǹkọ̀wé tó lè fi apààyàn pamọ́ fún mi,” ni Ayọ̀rìndé wí. “Tí mo bá ti mọ ìwà èèyàn, mo ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, màá gúnyán fún gbogbo ará ilé ìyàwó mi ní Ìgèdè, kí wọ́n sì ya fídíò rẹ̀ wá fún yín.”

Ìtàn ọ̀daràn kan ni gbogbo ọ́fíìsì wọn ní àdúgbò Adébáyọ̀ ń kà lórí wásáàpù. Orí kan ń wọlé lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan. Òǹkọ̀wé rẹ̀ kò dárúkọ ara rẹ̀. Ayọ̀rìndé ní ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni, torí ẹni tí kò bá yìnbọn rí kò lè mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni Ayọ̀rìndé máa ń ro èrò rẹ̀ fún lórí fóònù, ó sì ti sọ ti iyán náà fún un.

“Màmá, pásítọ̀ ni. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú, ìwà ipá wà nínú rẹ̀.”

“Èmi ò lè ka nǹkan ẹlẹ́jẹ̀ o,” ni Màmá wí. “Àmọ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, Bàbá Jùwọ́n.”

Ó ṣàlàyé. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n bá òkú pásítọ̀ nínú kànga.

Ó ní nọ́ọ̀sì ni. Tírélà gbá nọ́ọ̀sì.

“Ọ̀gá, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́,” ni Fúnkẹ́mi wí ní ọ́fíìsì. “Èèyàn ń kú.”

“Ó dùn mí,” ni Màmá wí lórí fóònù. “Ọmọ jẹ́jẹ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn. Ta ló wá kù?”

“Ínsípẹ́kítọ̀ ni, Màmá. Wọ́n ń pè é ní akọni, ṣùgbọ́n ó máa ń lu èèyàn kó tó bi í léèrè. Ẹni tó ń gbádùn lílù kì í ṣe akọni.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú gan-an.”

“Ó dáa. Màá ní kí wọ́n wá iṣu sílẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, ínsípẹ́kítọ̀ wọ ilé tó ń jóná, ó gbé ọmọ méjì jáde, ó padà wọlé lọ gbé ẹ̀kẹta, kò sì jáde mọ́. Ọ́fíìsì sunkún. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn yíjú sí Ayọ̀rìndé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó bọ́ ẹ̀wù ní Ìgèdè, ó gúnyán. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ya fídíò. Màmá jẹun, ó ní iyán náà kò ní kókó rárá.

Màmá fọwọ́, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fa fóònù yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pé: “Orí Kẹwàá. Ọkùnrin tó ń gúnyán lẹ́yìn ilé àna rẹ̀ kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.”