Èsì Ambrose

Láàárín èrò tó kún ilé ìfìwéránṣẹ́ Louisville, ojú sójà tó ń yẹ lẹ́tà wò ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọmọge kan. Ó dá sójà náà lójú: Keturah rèé!

Ogun abẹ́lé láàárín Àríwá àti Gúúsù ti pín Kentucky sí méjì, sójà Àríwá yìí ló sì ń ka gbogbo lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gúúsù àti èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀. Ọdún kan ló ti ń ka ti Keturah sí Ambrose, ọkọ rẹ̀ tó ń rọ bàtà ẹṣin fún wọn. Keturah kọ ọ́ nínú ọ̀kan pé: “Àárín ibùsùn ni mò ń sùn báyìí, kó má bàa fẹ̀ jù fún mi.” Ìfẹ́ ẹni tí kò rí rí kó sí sójà náà lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti fi èsì Ambrose pamọ́ sápò, bóyá Keturah á gbàgbé ọkọ rẹ̀.

Ọmọge náà sún mọ́ ọn. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé lẹ́tà wà fún Keturah Goodloe?”

“Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi kẹ̀? Kí n wá máa fẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún? Màmá àgbà mi ni.”

Ìyá arúgbó kan tẹ̀pá bọ́ síwájú. “Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí. Tí Ambrose bá ti kú, sọ fún mi.”

“Ó wà láàyè, mà. Èmi ni mo fi lẹ́tà rẹ̀ pamọ́.”

Ó na lẹ́tà náà sí i.