Ìwé Ẹjọ́ Leland

"A pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé fóònù," akọ̀wé ọsibítù àwọn sójà àtijọ́ wí. "La bá yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń dúró."

Ìyàwó sójà fọwọ́ gbá tábìlì. "Ìbọn ńlá ti dí Leland ọkọ mi létí pa ní Iraq! Ẹ̀rọ etí ló ń bẹ̀ yín fún. Etí wo ló fẹ́ fi gbọ́ fóònù?"

"Òfin ni, mà. Ẹ tún ìwé míì kọ. Ẹ máa dúró foṣù mẹ́sàn-án."

"Ẹ gbà mí o! Lánàá, ọkọ̀ ojú irin ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹ̀, ó ṣì ń rìn lọ jẹ́jẹ́ lórí irin! Èmi ni mo fà á lẹ́wù. Ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni? Ẹ pe ọ̀gá yín wá!"

Ìwé ẹjọ́ tí Leland ti fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ ẹ̀. Níbi tí wọ́n ní kó kọ ẹni tó ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn, ó ti kọ orúkọ ọ̀gá náà, Purcell, gàdàgbà.

Purcell jáde, bàbá tó ti hewú. Obìnrin yẹn da èébú bò ó: ìkà, ọ̀lẹ, aláìlójútì. Bàbá kàn ń wo ẹnu ẹ̀ ṣáá.

"Ẹ ò ní dáhùn ni?"

"Ẹ pariwo sí i, mà," akọ̀wé sọ ọ́ wẹ́lẹ́. "Sójà àtijọ́ lọ̀gá wa náà. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń dúró de ẹ̀rọ etí tiẹ̀."

Bàbá gba ìwé náà, ó kà á, ó rí orúkọ ara ẹ̀. Ó wá yọ bírò, ó sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ ibi tí Leland fọwọ́ sí.