Ilé Tí Oyèníran Ṣe Lóge fún Àlejò

Ẹ fi tẹlifóònù yín sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ, kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín kí n tó gbàgbé. Ní ìlú kékeré kan tí mo gbé rí ní òpin àríwá Kánádà, níbi tí títì pin sí, tí yìnyín ń bo ilẹ̀ fún oṣù méje láàárín ọdún, ọmọ Ìkirè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Oyèníran. Kì í jalè, kì í mutí, iṣẹ́ ò sì sú u. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó fún òun. Bí ebi bá ń pa á lọ tí ẹ bi í léèrè, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ẹ má wo ara yín, ẹ mọ irú wọn.

Ilé tó rà ti gbó. Òtútù ń gba ara ògiri wọlé, ó ń gba ìdí fèrèsé. Ọdún yẹn gan-an ló sì fẹ́ mú ìyá rẹ̀ wá láti ilé. Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún, àyà máa ń dùn ún bí òtútù bá ti mú un, Oyèníran nìkan sì lọmọ tó kù fún un láyé. Ó ti pẹ́ tó ti ń wu Oyèníran kí ìyá wá lo ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ọlọ́run bá a ṣe é, ìjọba gbé ètò kan jáde. Wọ́n á rán òṣìṣẹ́ wá yẹ ilé kọ̀ọ̀kan wò. Ilé tí òtútù bá ń yọ́ wọ̀, wọ́n á ki nǹkan amúlémóoru sínú ògiri rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ fèrèsé rẹ̀, wọ́n á tún gbé sólà sórí òrùlé, kí onílé má baà máa jó epo ṣòfò. Àmọ́ ilé tí wọ́n lè ṣe lọ́dún kan ò pọ̀, èyí tó bá burú jù ni wọ́n ń mú.

Kí ni Oyèníran ṣe? Nígbà tó ku ọ̀la kí òṣìṣẹ́ dé, ó kó àkísà, ó ki í bọ gbogbo ihò ara ògiri. Ó ta kọ́tìnnì tuntun bo fèrèsé tó ti sán. Ó yá hítà mẹ́ta níbi iṣẹ́, ó tàn wọ́n títí ilé fi gbóná bí ìdí ààrò. Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, wò ó títí, ó ní:

"Bàbá Ìbídùn, ṣé wọ́n máa ń fi páúdà kun egbò kí wọ́n tó gbé e lọ bá dókítà ni?"

"Dákẹ́ jàre! Ṣé kí òyìnbó wọlé wá rí i pé inú ahéré ni mo kó ẹbí mi sí?"

Òṣìṣẹ́ dé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ó gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń wá òtútù lára ògiri lọ́wọ́. Ó bi Oyèníran bóyá òtútù ń yọ wọ́n lẹ́nu. Oyèníran ní, "Ká má rí i! Ooru ló ń mú wa níbí." Obìnrin náà fẹ́ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, Oyèníran ní kó má ṣèyọnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì gbé dòdò síwájú rẹ̀. Obìnrin náà ò lo ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, ó jẹ dòdò, ó dúpẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé yìí ò nílò ìrànlọ́wọ́.

Ó kọjá sí ilé kejì, ilé Àbẹ̀ní, opó kan tó ń se oúnjẹ nílé ìwé. Àbẹ̀ní fà á lọ́wọ́ látìgbà tó ti wọlé. "Ẹ fọwọ́ kan ibí yìí. Ẹ tún wo ibí. Yàrá yìí, a ò lè sùn níbẹ̀." Kò ju oṣù méjì lọ tí wọ́n fi tún gbogbo ilé Àbẹ̀ní ṣe.

Ìyá Oyèníran dé ní oṣù Kejìlá. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, yìnyín dí títì pa, ọkọ̀ epo ò lè wọ̀lú fún ọjọ́ mẹ́fà. Epo tán nílé Oyèníran. Àkísà ò ran nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, ikọ́ mú ìyá, kò lè mí dáadáa mọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ ò bi ọkọ rẹ̀ léèrè, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìyá, ó gbé e lọ sílé Àbẹ̀ní, níbi tí igi díẹ̀ tí wọ́n fi dáná láàárọ̀ ti ń mú ilé móoru di alẹ́.

Oyèníran tẹ̀ lé wọn, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó rẹ ti sọ fún mi," ni ìyá wí. "Àlejò tí o ṣe ilé lóge fún ti lọ, Oyèníran. Èmi tí mo fẹ́ gbé inú rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé. Ojú ara mi ni mo fi rí i, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ilé Àbẹ̀ní ni ìyá wà títí yìnyín fi yọ́. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n dá òun padà sí Ìkirè, òun ò lè máa sá òtútù kiri ilé onílé lọ́jọ́ ogbó òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Lọ́dún kejì, Oyèníran fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́, ó sọ òótọ́, wọ́n sì tún ilé náà ṣe. Yàrá ìyá móoru dáadáa báyìí. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ bá bi yín pé níbo ló ti ń dùn yín, ẹ fi ibẹ̀ hàn án. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pani, irọ́ ló ń pani. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.