Ẹnu Alága Nìkan

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ẹ sì gbé fóònù yín sílẹ̀. Ní àdúgbò Ìsàlẹ̀-Àgbọn, níbi tí ilé ti sọ̀ kalẹ̀ títí dé etí odò, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣónibárẹ́. Òun ni alága ẹgbẹ́ onílé ibẹ̀. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe òǹrorò. Àmọ́ Ọlọ́run ló mọ ẹni tó sọ fún un pé ẹnu tirẹ̀ nìkan ló wà ládùúgbò.

Ìbáà ṣe ọjọ́ tí wọ́n máa kó gọ́tà, ìbáà ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, òun ni yóò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ èjìká, tí yóò wúkọ́, tí yóò ní, "Ẹ̀yin ará ilé, èmi alága yín ni mò ń sọ̀rọ̀ o!" Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Òun náà sì mọ̀ pé ó dùn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kan tí kò sí nílé, Mùlíkátù akọ̀wé ẹgbẹ́, obìnrin aránṣọ kan, bá a kéde pé kí gbogbo èèyàn pa iná wọn, torí àwọn tó fẹ́ tún waya ṣe ti dé. Háà, ó di ọ̀ràn! Lọ́jọ́ ìpàdé, Ṣónibárẹ́ mú un kúnlẹ̀ níwájú gbogbo onílé. Ó ní, "Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá gbọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi, àhesọ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màmá Efúnyẹmí, ló pàtẹ́wọ́ jù. Ìyá wọn kú nígbà tí Ṣónibárẹ́ ṣì ń rá, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yìí, tó máa ń fi oríkì pè é ní Àlàó, ló sì dàgbà sí. Ilé màmá náà ló gbẹ̀yìn létí odò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà òjò, Ṣónibárẹ́ lọ síbi ìwúyè ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílùú mìíràn. Ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Mùlíkátù pè é.

"Bàbá, ẹ káàsán o. Àwọn tó ń ṣọ́ ìsédò tó sé odò wa lókè wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní òjò òkè ti pọ̀ jù, wọ́n fẹ́ tú omi sílẹ̀. Kó tó di àkókò ìrun Alásárì, kí gbogbo ará etí odò ti gòkè."

"Ta ló ní kí wọ́n bá ọ sọ ọ́?" Ojú Ṣónibárẹ́ ti le. "Mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Èmi ni mo máa kéde rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi kò ní dúró dè yín o."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀, àbí? Bí o bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn, o kì í ṣe akọ̀wé mọ́!" Ó gé fóònù.

Kò pẹ́, fóònù tún dún. Ṣónibárẹ́ wò ó, ó rí orúkọ Mùlíkátù. Ó pòṣé, ó ní, "Obìnrin yìí lágídí," ó sì da ojú fóònù dé sí ẹ̀gbẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Ọkàn rẹ̀ gún un díẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ kí wọ́n rí i pé akọ̀wé ń bá òun jiyàn láàárín àwọn olóyè. Ó ń jẹun rẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà dé nírọ̀lẹ́, mọ́tò kò lè wọ àdúgbò. Omi ti gba títì. Àwọn èèyàn dúró lórí òkè pẹ̀lú ẹní àti ọmọ. Ojú rẹ̀ ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri, kò rí i. Mùlíkátù ló rí, aṣọ rẹ̀ tutù dé àyà, ohùn rẹ̀ ti há.

"Mo kéde, bàbá. Àwọn kan tẹ̀ lé mi, àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá Màmá nílé. Wọ́n ní àhesọ kò lè lé àwọn kúrò nílé, àfi bí àwọn bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ni mo bá pè yín, mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́."

Ṣónibárẹ́ sún mọ́ ọn. "Màmá ló mú un dání?"

"Àwọn ni, bàbá. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ní sùúrù, Àlàó mi máa gbé e.' Nígbà tí kò sẹ́ni tó gbé e, wọ́n wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Mò ń kan ìlẹ̀kùn lọ́wọ́ ni omi dé. Díẹ̀ ló kù kó gbé èmi náà lọ."

Ṣónibárẹ́ jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá ìwúyè lọ́rùn, ó sì sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n rí òkú Màmá Efúnyẹmí. Mùlíkátù ló kéde ìsìnkú náà fún gbogbo àdúgbò, torí alága kò rí ohùn fi sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀yin náà jẹ olórí lọ́la, ẹ má ṣe di ẹnu àwọn tó wà lẹ́yìn yín pa kí ẹnu tiyín lè dún. Olórí tó bá kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́, ọjọ́ tí kò bá sí nílé ni yóò mọ ohun tó ṣe. Àwọn àgbà kò purọ́: ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.