Sọ́mà Tí Dọ̀tun Lọ Láìbéèrè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní yunifásítì, àti ẹ̀yin ọmọ náà fúnra yín.

1.
Ìgandò ni Olúwadọ̀tun ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀. Èkìtì ni wọ́n ti wá. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ló dá a tọ́. Ọmọ náà mọ̀wé gan-an. Bí ọmọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn bá fẹ́ ṣe ìdánwò, ọ̀dọ̀ Dọ̀tun ni wọ́n ń rán an lọ. "Ọ̀jọ̀gbọ́n" ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn sì wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọdún tó yẹ kó jáde ní yunifásítì, ibà dá a gúnlẹ̀ lásìkò ìdánwò, ó sì féèlì kọ́ọ̀sì ìṣirò kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ kọ́ọ̀sì yẹn. Ìyẹn ni pé yóò lo ọdún kan sí i nítorí ẹ̀.

2.
Hamdalah, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń gbé ní Òkè-Odò, féèlì kọ́ọ̀sì kan náà. Òun ló gbọ́ pé yunifásítì aládàáni kan ń ṣe sọ́mà, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń yára kọ́ nígbà ìsinmi gígùn. Akẹ́kọ̀ọ́ láti ibòmíràn lè lọ ṣe kọ́ọ̀sì níbẹ̀, kí ilé ìwé tirẹ̀ sì gba máàkì náà wọlé. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ lọ rí Ọ̀mọ̀wé Gbóyèga, olùkọ́ tó ń mójú tó kíláàsì wọn, kó fọwọ́ sí i.

Ọ̀mọ̀wé Gbóyèga yìí ló máa ń fi Dọ̀tun ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù. Báwo ni yóò ṣe gbójú sókè wo bàbá yẹn?

"Ìṣirò ni ìṣirò níbi gbogbo," ó sọ fún Hamdalah. "Tí mo bá gbé A bọ̀, ta ló máa kọ̀ ọ́?"

"Béèrè ṣá, Dọ̀tun. Ìbéèrè ò pa èèyàn jàre."

Hamdalah lọ. Dọ̀tun ò lọ.

3.
Ìyá Dọ̀tun náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìsinmi gígùn ló fi ń kàwé gba dìgírì, bí ọ̀pọ̀ tíṣà ṣe ń ṣe. Ìsinmi kan péré ló kù kó parí, ìgbéga rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sì ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá àgbà, kò lè dá nǹkan ṣe. Dọ̀tun ló máa ń dúró tì í nílé bí ìyá rẹ̀ bá lọ. Bí Dọ̀tun bá wá lọ ṣe sọ́mà, ìyá ò ní lè kúrò nílé.

Ìyá béèrè bóyá ilé ìwé rẹ̀ ti fọwọ́ sí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Dọ̀tun wí.

Ìyá pa ìwé tirẹ̀ dé. Ó ní kó máa lọ, kó má bàa pàdánù àtilọ ṣe agùnbánirọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní tòun lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

4.
Dọ̀tun dé ibi sọ́mà, ó bá Hamdalah ní kíláàsì mìíràn. Ó rò pé ọmọbìnrin náà ló ṣìnà, ó sì rẹ́rìn-ín sínú. Ó kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó gba A, wọ́n sì dúpẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó gbé èsì náà dé iwájú Ọ̀mọ̀wé Gbóyèga, bàbá náà wò ó títí. Ó ṣàlàyé fún un pé orúkọ nìkan ni kọ́ọ̀sì yẹn fi jọ tiwọn. Ohun tí wọ́n kọ́ nínú rẹ̀ kò tó ìdajì tiwọn, yúnítì rẹ̀ náà sì kéré. Nítorí èyí ni òfin fi ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàṣẹ kó tó lọ. Nígbà tí Hamdalah wá, òun ló fi kọ́ọ̀sì tó bá tiwọn mu hàn án nílé ìwé yẹn kan náà.

"Kí ló dé tí o ò wá bá mi?"

"Ojú ló tì mí, sà."

Bàbá náà bá a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, ó bẹ̀bẹ̀ fún un. Wọn ò gbà.

5.
Ìyá àgbà ni ìyá ń fún lóúnjẹ nígbà tí Dọ̀tun wọlé wá jẹ́wọ́. Ìyá ò pariwo. Ó fún arúgbó náà lóúnjẹ tán, ó nù ún lẹ́nu, kó tó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Pé o féèlì ò dùn mí. Ta ni kì í féèlì? Mo bi ọ́ léèrè, Dọ̀tun, o sì ní bẹ́ẹ̀ ni."

Dọ̀tun kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Hamdalah wọ khákí agùnbánirọ̀ lọ́dún yẹn. Dọ̀tun padà lọ jókòó ní kíláàsì láàárín àwọn tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ nílé ìwé. Ìgbéga kọjá lórí ìyá rẹ̀. Tíṣà kan tí ìyá fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló di ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí ìsinmi gígùn mìíràn dé, Dọ̀tun gbé báàgì ìyá rẹ̀ dé ibùdókọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá fọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Padà sílé, ìyá àgbà ò tíì jẹun," ló wí, ó sì wọkọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, féèlì kì í ṣe òpin ayé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé kọ́ọ̀sì lọ síbòmíràn, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé ìwé yín. Bí wọ́n bá sì bi yín nílé, ẹ sọ òótọ́, torí ẹnìkan lè ti gbé tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí yín. Ìtìjú ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Dọ̀tun sá fún, òun àti ìyá rẹ̀ sì fi ọdún gbáko san án. Abéèrè kì í ṣìnà. Àìbéèrè ló ń sọ ọlọ́gbọ́n nù sínú igbó.