Ilé tí Wọ́n Tì Látòde

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá Ẹ́ldà Fákúnlé ti kú, ọmọ náà kò sì tíì sunkún. Míṣọ́nárì ìjọ Mọ́mọ́nì, tí wọ́n máa ń pè ní Ẹ́ldà, ni, ọmọ ogún ọdún. Òun àti Ẹ́ldà Kwáfò, ọmọ Gánà tí kò gbọ́ Yorùbá, ni wọ́n jọ ń wàásù láti ilé dé ilé ní Ìkìrun. Fákúnlé á kan ilẹ̀kùn, á rẹ́rìn-ín sí onílé, àfi bíi pé ara rẹ̀ ti kú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé tó gbẹ̀yìn ládùúgbò. Wọ́n gbọ́ sálúbàtà tó ń wọ́ bọ̀ nínú ilé. Ìgbà náà ni Fákúnlé rí àgádágodo tó ti dípẹtà lára ilẹ̀kùn, níta.

"Àdìgún," ohùn obìnrin kan pè é.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń fi oríkì yẹn pè é.

"Ta ni Àdìgún?" Kwáfò bi í.

Fákúnlé gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. "Màámi, ẹ jẹ́ n wọlé."

"Má tíì wọlé, ọmọ mi," ohùn náà sọ jẹ́jẹ́. "Oúnjẹ ò tíì jinná."

Sálúbàtà náà yí padà, ó ń wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, títí wọn ò fi gbúròó rẹ̀ mọ́.

Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Fákúnlé, pákó ilẹ̀kùn náà ń gbóná.