Ìgbín Yẹ Iṣẹ́ Ìgalà Wò

Àlọ́ mi rìn títí, ó dúró lẹ́nu ihò tí Òkété fi ń háyà.

Ìgalà ni àwọn ẹranko yàn láti máa yẹ ilé wò kí ayálégbé tó kó wọ̀ ọ́. Gbogbo ihò Òkété ni Ìgalà ń ní ó dára. Àfi ìgbà tí òjò mú ọ̀kan wó lé Ehoro àtàwọn ọmọ rẹ̀ lórí, tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n kú. Ìlú bá ní kí Ìgbín lọ yẹ iṣẹ́ Ìgalà wò.

Wọ́n fi Ìgbín rẹ́rìn-ín pé ó ń falẹ̀. Ó ń wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin:

Mo dé kọ̀rọ̀, mo fikùn kàn án.
Ègbè: Wọlé kí o tó wí.
Ògiri lanu, òkè ń jò.
Ègbè: Wọlé kí o tó wí.

Ọjọ́ keje ló jáde. Ìgalà ní, "Ìyá, gbogbo rẹ̀ ni mo yẹ̀ wò dé yàrá."

Ìgbín wo orí rẹ̀. "Báwo ni ìwo yìí ṣe gba ẹnu ọ̀nà, ọmọ mi?"

Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n mú kí Òkété tún ihò rẹ̀ ṣe.

Bí mo bá purọ́, ẹ lọ wò ó: ẹnu ọ̀nà ni ẹsẹ̀ Ìgalà mọ, ibi tí Ìgbín wọ́ gbà ń dán dé yàrá.